Irọ́ Kan Péré, Òótọ́ ni Ìyókù

Ní ọdún 1895, òǹkọ̀wé kan tí kò tíì pé ẹni 30 ọdún kó dé ìlú Woking ní agbègbè Surrey, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ gùn ni. Bó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, á máa wo ilé, á máa wo oríta, á máa wo àwọn ará àdúgbò, á sì máa ṣà wọ́n lẹ́ṣà: ilé yìí ni yóò jóná, ibí yìí ni yóò dahoro, ẹni yìí ni yóò kú. H. G. Wells ni orúkọ rẹ̀, The War of the Worlds sì ni ìwé tó ń kọ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí nígbà tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ lẹ́tà sí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan pé òun ń pa àwọn aládùúgbò òun ní ìpakúpa, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Kẹ̀kẹ́ yẹn wù mí ju gbogbo ẹ̀rọ abàmì tó wà nínú ìwé náà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kò ju ọkọ̀ tó ń fò láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀ lọ, àti ìbọn tó ń yọ iná aláwọ̀ búlúù, àti rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Irú èyí wà, ó sì pọ̀ lórí igbá. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí í ṣe kì í pa ju irọ́ kan lọ. Wọ́n á tètè pa á, wọn kò ní ṣe àlàyé rẹ̀ pẹ́ títí, lẹ́yìn náà òótọ́ ni wọn yóò máa sọ títí ìwé yóò fi parí: òótọ́ nípa òpópónà, nípa oúnjẹ, nípa owó, nípa ohun tí ìbẹ̀rù máa ń mú ènìyàn ṣe. Wells mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan tó kọ ní 1933, ó ṣàlàyé pé bí òǹkọ̀wé bá ti fi àyè gba ohun gbogbo láti ṣẹlẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò ní dùn mọ́.

Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Nǹkan kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sí Horsell Common, pápá gbalasa kan lẹ́bàá Woking tó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ó rí bí àgbá ńlá, ó gbóná, ó sì ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú yanrìn. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ti jẹ́ kí iná máa sọ. Wells kò kánjú. Èrò ló kọ́kọ́ kó wá síbẹ̀. Alápatà kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ dání wá wòran. Ọmọdébìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ wá. Àwọn ọmọ kan jókòó sí etí kòtò, wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ dirodiro, wọ́n ń sọ òkúta lu nǹkan náà. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ń ta ìpápánu nítòsí ti rán ọmọ rẹ̀ pé kó ti ọmọlanke lọ síbẹ̀, ápù tútù àti ohun mímu atalẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ibi tí èrò bá ti pé jọ ni ọjà ti ń tà. Ọmọlanke yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá ti rí ibi tí tánkà epo ti ṣubú lójú títì, tí oníbúrẹ́dì àti oníomi inú ọ̀rá ti dé kí àwọn panápaná tó dé, yóò gbà pé Wells kò purọ́ rárá. Nígbà tí ìtànṣán iná bá wá jáde láti inú kòtò, tí kò dún, tí ẹni tó bá kàn sì ń gbiná lójú ẹsẹ̀, òǹkàwé kò ríbi sá gbà mọ́. Ó ti gba ápù gbọ́, dandan ni kó gba iná gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó ń sọ ìtàn náà sáré délé, ó bá ìyàwó rẹ̀, wọ́n jókòó jẹun. Wells jẹ́ ká rí aṣọ funfun orí tábìlì, ká rí ìbòrí àtùpà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ká rí wáìnì nínú ife. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oníwàrà gbé wàrà dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ayé ti ń parí lọ ní ìwọ̀n máìlì díẹ̀ sí ibẹ̀, wàrà kò sì pẹ́ kó tó dé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tó fi pamọ́ sínú gbólóhùn àkọ́kọ́ ìwé náà. Níbẹ̀ ló ti ní wọ́n ń ṣọ́ wa láti òkèèrè bí onísáyẹ́ǹsì ṣe ń fi awò wo àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń rá nínú ẹ̀kán omi. Òǹkàwé á kà á, á rò pé àfiwé lásán ni, á kọjá. Ó di ìparí ìwé kó tó hàn sí i. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́, Lọ́ńdọ̀nù ti dahoro, kò sí ìbọn tó ran àwọn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Máàsì tó ti inú àgbá náà jáde fi ń jagun mọ́, àfi bí àwọn ará Máàsì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra wọn. Kòkòrò àìfojúrí ló pa wọ́n, nítorí pé ara tiwọn kò mọ àrùn ayé wa rí. Ẹni tí yóò gba gbogbo ayé là ti wà lábẹ́ awò láti ìlà kìíní. Àwọn kan máa ń ráhùn pé òpin ìtàn náà kàn já luni lójijì, pé Wells kò rí ibi gbà jáde ló ṣe fi àìsàn parí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n padà lọ ka ojú ìwé kìíní. Lábẹ́ T. H. Huxley ni Wells ti kọ́ bayọ́lọ́jì ní South Kensington. Ó ti ṣe olùkọ́, ìwé ẹ̀kọ́ bayọ́lọ́jì tó kọ sì ti jáde ní 1893, kí ìtàn àròsọ kankan tó sọ ọ́ di olókìkí. Ohun tó mọ̀ dunjú ló fi parí ogun.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá. Òǹkọ̀wé ni ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí tó padà sílé, ó bá iṣẹ́ tó ń kọ lọ́jọ́ tí àgbá náà ṣí lórí tábìlì rẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn fẹ́ sọ ohun tí a lè máa retí ní nǹkan bí 200 ọdún sí i, ó sì gé síbẹ̀: ó ti dìde lọ gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á, lẹ́nu ọmọ yẹn ló sì ti kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn èèyàn kan ti Máàsì dé. Wells kò sọ àsọyé lé e. Ó fi gbólóhùn tó gé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọjá.

Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà yóò rí ìyàtọ̀ kan. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọdẹ ló di ìbọn àti àpò rẹ̀, tó lọ bá abàmì nínú igbó. Igbó ní ààlà. Ilé wà lẹ́yìn tí ènìyàn lè padà sí. Ti Wells kò rí bẹ́ẹ̀, abàmì ló wá bá ọ ládùúgbò, tí o ṣì wọ ṣòkòtò ilé. Ní October 30 ọdún 1938 kan náà, Orson Welles gbé ìtàn yìí sórí rédíò ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ìròyìn pàjáwìrì. Eré náà yọ Woking kúrò, ó fi Grovers Mill ní New Jersey rọ́pò rẹ̀, àwọn kan sì gbà á gbọ́ débi pé jìnnìjìnnì mú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé ìròyìn fi ata àti iyọ̀ kún ìròyìn náà lẹ́yìn náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún 20 ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ Wells ti lé ní 120 ọdún lọ́nà, òótọ́ kò tíì bá a, torí pé òótọ́ gan-an ló fi ṣe ẹsẹ̀ fún un.

Ìwé náà kò sì jẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ sùn. Frank, ẹ̀gbọ́n Wells, ló mú èrò ìtàn náà wá, òun sì ni Wells fi ìwé náà yẹ́ sí níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní orí kìíní, kí iná tó sọ rárá, Wells ti ní kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó pe ará Máàsì ní ìkà, kí wọ́n rántí bí àwọn òyìnbó ṣe pa àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania run láàárín 50 ọdún. Pearson's Magazine gbé ìtàn náà jáde díẹ̀díẹ̀ ní 1897, ọdún tí ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìlú Ìbìní. Ọdún 5 ṣáájú ìyẹn, ní 1892, ìbọn Maxim ti sọ̀rọ̀ ní Ìmàgbọn, Ìjẹ̀bú sì ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wells kò dárúkọ Ìjẹ̀bú, kò dárúkọ Ìbìní, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá bá kà nípa ohun ìjà tó ń ti òkèèrè pa àwọn tó gbé àsíá àlàáfíà dání, kò ní pè é ní àlá.

Àléébù wà níbẹ̀ o. Ìyàwó ẹni tó ń sọ ìtàn kò lórúkọ, kò sì ní ìwà kan pàtó. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni kò lórúkọ, ṣùgbọ́n ọkọ ráyè ronú. Àlùfáà kékeré tó ń sunkún nínú ilé tó wó gba ojú ìwé ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá sú yín níbẹ̀, ẹ fara dà á. Ohun tí òun àti ẹni tó ń sọ ìtàn fi ojú ihò ara ògiri rí nínú ilé yẹn tó ìyà náà.

Nǹkan bí 80 ọdún ṣáájú Wells, ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan ti mọ ọgbọ́n irọ́ kan yìí. Ní 1816, Mary Shelley wà lẹ́bàá adágún Geneva, nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan tí òjò àti òtútù bà jẹ́ nítorí pé òkè Tambora ti bú gbàmù lọ́dún tó ṣáájú. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ Frankenstein. Ìwé náà jáde ní January 1818, ẹ̀dà 500, kò sì sí orúkọ òǹkọ̀wé lára rẹ̀. Irọ́ tirẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kó ẹ̀yà ara òkú jọ, ó sì fún un ní ẹ̀mí. Báwo ló ṣe ṣe é? Victor Frankenstein kọ̀ láti sọ. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn tún bọ́ sí kòtò tí òun bọ́ sí. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn: ohun tí Shelley kò lè ṣàlàyé, ó sọ ọ́ di ohun tí kò tọ́ ká ṣàlàyé. Ìran tí ẹ̀dá náà ti jí kò gùn rárá: alẹ́ oṣù November, òjò, àbẹ́là tó ń kú lọ, ojú kan tó là.

Ibi tó fi ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí jù ni àárín ìwé, níbi tí ẹ̀dá náà ti sọ tẹnu ara rẹ̀. Ó sá pamọ́ sínú àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn tálákà kan, ó ń yọjú wò wọ́n láti ojú ihò pákó. Ó kọ́ iná, ó kọ́ wàrà, ó kọ́ búrẹ́dì, ó kọ́ igi. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Lóru, ó ń wá igi ìdáná fún wọn, wọn kò sì mọ ẹni tó ń ṣe é. Nígbà tó ṣọkàn gírí wọlé tọ̀ wọ́n, bàbá wọn tó fọ́jú nìkan ló bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Àwọn tó ríran dé, wọ́n lù ú. Sinimá tí wọ́n fi ìwé náà ṣe ní 1931 gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹranko tó ń kùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n láti inú sinimá nìkan kò tíì pàdé rẹ̀ rí.

Ursula K. Le Guin ṣe tirẹ̀ ní 1969 nínú The Left Hand of Darkness: ayé oníyìnyín kan wà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í ṣe akọ, wọn kì í ṣe abo, àfi ní ọjọ́ mélòó kan lóṣù. Ohun tó kù jẹ́ òṣèlú, òtútù, àti ènìyàn méjì tó fa ẹrù gba orí yìnyín kọjá, tí wọ́n ń wọn oúnjẹ jẹ kó má baà tán lọ́nà. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ ń falẹ̀, n kò ní fi í ṣe ìwé àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kindred ni mo máa fi ṣe é. Octavia E. Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Pasadena, California, ní 1947, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn aláwọ̀ funfun, ló kọ ọ́ jáde ní 1979. Ní 1976, ọdún tí Amẹ́ríkà ń ṣe ayẹyẹ 200 ọdún òmìnira, Dana, obìnrin aláwọ̀ dúdú, àti ọkọ rẹ̀ Kevin, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun ní California. Wọ́n ń to ìwé. Òòyì kọ́ Dana, ó sì bá ara rẹ̀ létí odò kan ní Maryland ayé àtijọ́, lásìkò oko ẹrú, níbi tí ọmọ òyìnbó kan ti ń rì sómi. Ó gbà á là. Bàbá ọmọ náà na ìbọn sí i lójú, ẹ̀rù ikú bà á, ó sì tún bá ara rẹ̀ ní California, omi àti ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fi kúrò níwájú ọkọ rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ. Kò sí àlàyé. Àwọn ilé ìtàwé ń kó Kindred sí àárín ìtàn sáyẹ́ǹsì, Butler fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé kò sí sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Òótọ́ ni, bó bá ṣe ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo The Time Machine tí Wells kọ ní 1895: ó fi eyín erin àti òkúta dídán ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tinú àlàyé yẹn kan kẹ̀kẹ́. Ọ̀ṣọ́ lásán ni látìbẹ̀rẹ̀. Butler kàn yọ ọ̀ṣọ́ kúrò ni, ó fi òfin sílẹ̀. Òfin méjì péré: bí ẹ̀mí ọmọ náà, Rufus, bá wà nínú ewu, á fa Dana lọ, bí Dana bá gbà pé òun fẹ́ kú, á padà sílé. Rufus yìí, ọmọ onílé tó ní ẹrú, ni babańlá rẹ̀. Bí kò bá pẹ́ láyé tó láti bímọ, kò ní sí Dana.

Ẹ wá wo ohun tí Butler fi òfin kejì ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ na Dana ní kòbókò, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ ẹrú ní ìwé kíkà, ó dá a lójú pé wọ́n fẹ́ pa òun, nítorí náà ó padà sílé. Nígbà kejì, ó gbìyànjú láti sá, wọ́n mú un, wọ́n tún nà án. Nínú ìnira yẹn, ó ń sapá láti gbà pé ikú ló dé, kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Kò ṣí. Ara rẹ̀ ti mọ̀ pé ìbáwí lásán ni. Ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín nínà àti pípa, bí gbogbo ẹrú ṣe mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ yẹn ló sì tì í mọ́ ibẹ̀. Òfin tí a rò pé ó máa gbà á là ló di ẹ̀wọ̀n rẹ̀. N kò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti fi òfin inú ìtàn ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí wọn kò sì fi àsọyé kankan bà á jẹ́.

Àwọn ohun kéékèèké náà dúró dáadáa. Dana di àpò kan mọ́ ara rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ní California, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, aspirin wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, torí pé kò mọ wákàtí tí òòyì yóò tún kọ́ òun. Kevin, tí òun náà bá a lọ nígbà kan, há sí ayé àtijọ́ fún ọdún 5, ọjọ́ 8 ni lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó dé, sítóòfù ilé ara rẹ̀ di nǹkan àjèjì sí i. Láti ìlà kìíní ìwé ni a ti mọ̀ pé Dana yóò pàdánù apá kan, nítorí náà kì í ṣe pé a ń retí bóyá yóò là á já. Ohun tí yóò san ni a ń ṣọ́. Rufus ló sì le jù. Ọmọdé tó ń rì sómi la kọ́kọ́ rí, àwa náà fẹ́ kó yè. A gbà á là lẹ́ẹ̀kan, a tún gbà á là, ó ń dàgbà lójú wa, ó ń dà bíi bàbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a kò sì lè sọ ọjọ́ tó bàjẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú sí Wild Seed tí Butler kọ ní 1980, ilẹ̀ Ìgbò ní 1690 ló ti bẹ̀rẹ̀. Frankenstein àti The War of the Worlds jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Project Gutenberg, fóònù lásán tó láti kà wọ́n. Kindred kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bó bá jẹ́ owó ìwé kan péré ló wà lọ́wọ́ yín lọ́dún yìí, ẹ fi rà á.